Alága Tó Yọ Géètì Kúrò Nínú Eré

Alága yọ géètì kúrò nínú eré náà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú níwájú géètì ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìjà, àbúrò Alákọ́kọ́rọ́ sì wà lára wọn. Wọ́n kàn án títí, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọdún méjì lẹ́yìn ìjà náà, Alága fi bírò pupa fa ìlà gba orí ojú ewé tí ìran géètì wà, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó kù kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ sì fún mi láyè kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nídìí rẹ̀, nítorí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, òkò ni màá sọ.

Alákọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tí àbúrò rẹ̀ kú náà nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Àdúgbò Òkè, níbi tí ó ti ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, tí ó sì ń tún àgádágodo ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìjà, ọ́fíìsì ìjọba gbé àgádágodo géètì wọn wá bá a pé ó ti ń yẹ̀, pé bí ewúrẹ́ bá fara gbún un lásán, yóò ṣí. Ó tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ irin inú rẹ̀, ó fi epo sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wò. Ó ní, "Kódà erin ò lè já eléyìí mọ́." Lóòótọ́, erin kò já a. Àbúrò rẹ̀ náà kò rí i já.

Ìjà náà wáyé láàárín Àdúgbò Òkè àti Àdúgbò Ìsàlẹ̀, títì kan ṣoṣo ló sì pín wọn níyà. Nídìí ẹ̀rọ omi ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí ta ni korobá rẹ̀ kọ́kọ́ dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ogójì sàréè ti wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí korobá mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ará Òkè kì í dá títì náà kọjá lọ sí Ìsàlẹ̀, ará Ìsàlẹ̀ kì í gòkè. Ìjọba fi bébà ìlàjà ránṣẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òjò sì fọ̀ ọ́ dànù.

Olùkọ́ ló wá dá eré sílẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ará Ìsàlẹ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú fún ọ̀sán Sátidé. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí àwọn ènìyàn wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣeré, lábẹ́ òfin méjì péré. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe ará àdúgbò rẹ̀. Ará Òkè ni kó ṣe ará Ìsàlẹ̀, ará Ìsàlẹ̀ ni kó ṣe ará Òkè. Èkejì, bí ẹni tó ń wòran bá rí ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́, kí ó ké pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀!" Eré gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ké sì gbọ́dọ̀ gorí ìtàgé wá fi bó ṣe rí hàn.

Eré ìṣẹ́jú márùn-ún gbà wọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Alábúrẹ́dì, ará Ìsàlẹ̀, ló ń ṣe ìyá arúgbó ará Òkè kan tí wọ́n sun ilé rẹ̀. Bó ṣe ń sunkún lọ, ìyá arúgbó náà gan-an dìde ní ìjókòó.

"Kò rí bẹ́ẹ̀! Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni, tí mo fi máa ké báyẹn? Mi ò sunkún rárá. Mo gbé ìkòkò mi, mo sì ṣépè!"

Ó gorí ìtàgé, ó sì kọ́ Alábúrẹ́dì ní èpè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó kan bàbá ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Alábúrẹ́dì ń pè é tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rín ló pa gbogbo ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá arúgbó náà dá títì kọjá, ó lọ ra búrẹ́dì. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tí búrẹ́dì kankan kò ti kọjá títì yẹn.

Káfíńtà, òun náà ará Ìsàlẹ̀, ló fi pákó kan géètì fún ìran géètì, òun náà ló sì ń ṣe àbúrò Alákọ́kọ́rọ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi máa ń kàn án. Alákọ́kọ́rọ́ ló ń mú àgádágodo wá, èyí tí ó tún ṣe gan-an, nítorí ọ́fíìsì ti ra tuntun, wọ́n sì ti ju ògbólógbòó náà sí i nísọ̀. Bó bá ti fi kọ́ ara géètì, yóò yíjú sí àwọn èrò, yóò ní, "Èmi ni mo tún un ṣe." Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹnu rẹ̀ ti lè sọ ọ́, kódà kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í dúró sẹ́yìn géètì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó tì í. Ọ́fíìsì ní kọ́kọ́rọ́ sọnù ni.

Ẹ jẹ́ ká wá kí Alága káàbọ̀. Nígbà ìjà, òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìjà, ìjọba fi í ṣe Alága Àgbà fún Àlàáfíà, Ìlàjà, Ìṣọ̀kan àti Gbogbo Ohun Tó Bá Jọ Ọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló rí ṣe. Ẹni tó bá mọ bí ológbò ṣe di olùṣọ́ ẹja ni kí ẹ lọ bi.

Alága kì í rìn lásán. Ọkùnrin kan ń gbé àga rẹ̀ níwájú, èkejì ń gbé tìmùtìmù tí yóò fi sábẹ́ ìgúnpá, ẹ̀kẹta ni Akọ̀wé, tí ń gbé ìwé tí wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí. Alága kì í jókòó títí wọn yóò fi ka oyè náà tán. Bí ó bá sín, Akọ̀wé yóò ní, "Ìlú ti rí àánú gbà," yóò sì kọ déètì sílẹ̀.

Báyìí ló ṣe wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mínísítà ń bọ̀ láti olú-ìlú wá wo eré náà lóṣù tó ń bọ̀, Alága sì ti ń gbọ́ òórùn ìyìn láti òkèèrè.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Bí mo bá jí lówùúrọ̀, àlàáfíà ló ń kọ́kọ́ yán kí èmi tó yán. Bí mo bá ń wẹ̀, àlàáfíà ló ń ha mí lẹ́yìn. Mo ti ka eré yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ohun kan ṣàìsí nínú rẹ̀."

Akọ̀wé béèrè pé, "Kí ni, Alága?" bí ẹni pé kì í ṣe òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Èmi."

Bírò pupa bá jáde. Kí wọ́n gbé géètì kúrò, nítorí àlàáfíà kò ní géètì. Kí wọ́n gbé àkàbà síbẹ̀. Láti orí àkàbà ni Alága yóò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹyẹlé lọ́wọ́, yóò ní, "Ẹ dúró!" ìjà yóò sì parí.

Olùkọ́ wúkọ́. "Alága, ẹnikẹ́ni kì í ṣe ara rẹ̀ níbí. Òfin wa ni."

"Ta ló wá lè ṣe mí? Ṣé ẹ ti rí ẹni tó rí bí èmi?"

"A wá a tì, sà," ni Akọ̀wé wí. "Odindi oṣù mẹ́ta la fi wá a."

"Lẹ́yìn náà," Alága ń bá a lọ, "gbogbo àwọn òkú yóò dìde, wọn yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Káfíńtà ní, "Alága, òkú mà ni wọ́n."

"Ṣé nítorí pé èèyàn kú ló fi máa ya aláìmoore?"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú kò gbọdọ̀ ya aláìmoore.

Alákọ́kọ́rọ́ di àgádágodo rẹ̀ mú. Ó wá dìde. Kò pariwo.

"Alága, bí kò bá sí géètì, kí ni àbúrò mi ń kàn?"

Ẹni tó gbé tìmùtìmù wo ilẹ̀. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

"Ìwọ obìnrin yìí, ìbànújẹ́ rẹ ti dàgbà. Ọdún méjì! Jẹ́ kó lọ sílé ọkọ." Ó yíjú sí Olùkọ́. "Ẹni tó bá ba ọjọ́ Mínísítà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, màá ti gbọ̀ngàn yìí pa, ẹ ó sì máa ṣeré yín nínú gọ́tà."

Nígbà tí àga, tìmùtìmù àti oyè ti jáde tán, Olùkọ́ wá jókòó ti Alákọ́kọ́rọ́.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́."

"Bàbá, wọ́n tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ibí yìí, níbo ni Òkè àti Ìsàlẹ̀ yóò tún ti fojú kanra? Gbà á mọ́ra fún ọjọ́ kan péré."

Alákọ́kọ́rọ́ gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má bú u. Ẹni tó bá ti rí búrẹ́dì kọjá títì mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Mínísítà pé. Gbọ̀ngàn kún bámúbámú, ará Òkè àti ará Ìsàlẹ̀ jókòó papọ̀, àwòrán Alága sì kọ́ sára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó bá yíjú kúrò lára ọ̀kan má baà ṣìnà. Mínísítà jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ní ìwà kan tó léwu púpọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: ó máa ń ka ohunkóhun tí wọ́n bá fi lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé fún un ní ìwé ètò. Ojú ewé kìíní jẹ́ àwòrán Alága. Ojú ewé kejì jẹ́ àwòrán Alága nígbà tó ṣì nírun lórí. Ojú ewé kẹta ni "Òfin Ńlá Tí Alága Fi Ọpọlọ Ara Rẹ̀ Dá Sílẹ̀": ẹni tó bá rí irọ́, kí ó ké pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀!" Ti àkọ́kọ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ara rẹ̀, ti sọnù lọ́nà ilé ìtẹ̀wé.

Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn kó tó parí. Lórí òfin náà, ó ní, "Ojú oorun ni mo wà tí ó bọ́ sí mi lọ́kàn. Òtítọ́ ò jẹ́ kí n sùn!" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́, ó fi ojú sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Eré bẹ̀rẹ̀. Òkò ń fò, àwọn ènìyàn ń ṣubú. Alága yọ lórí àkàbà nínú aṣọ funfun, ó so ẹyẹlé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú. Ẹyẹlé náà kò bá wọn ṣe ìdánrawò, nítorí náà ó ṣe ohun tí ẹyẹlé máa ń ṣe, sórí ọwọ́ aṣọ náà.

"Ẹ dúró! Èmi dé!"

Ìjà parí. Àwọn òkú dìde, Káfíńtà ló sì gbẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní, "A dúpẹ́, Alága," bí ẹni tí wọ́n fi ipá bọ́ ní oògùn.

"Kò rí bẹ́ẹ̀!"

Ìyá arúgbó elépè ni. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Mámà lọ gba atẹ́gùn."

"Ẹ dúró ná." Mínísítà gbé ìwé ètò sókè. "Òfin yín mà ni, Alága. Ojú ewé kẹta. Ó wù mí gan-an ni. Mámà, ẹ máa wí."

"Mo wà lójú títì yẹn lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni ìyá arúgbó wí. "Mo rí iná. Mo rí òkò. Mo tiẹ̀ rí ajá kan tó gbé ṣòkòtò ẹlòmíràn sá lọ. Ajá yẹn, bí mo bá rí i lónìí, màá dá a mọ̀. Ọkùnrin tó wà lórí àkàbà yìí, mi ò rí i."

Ẹ̀rín bú. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Alága, níbo lẹ wà nígbà náà?"

"Mo wà... mo wà níbẹ̀ nínú ẹ̀mí."

Nísàlẹ̀ ìtàgé, Alákọ́kọ́rọ́ ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀. Irin àgádágodo náà tutù. Ó rò ó pé bí wọ́n bá ti gbọ̀ngàn, kí wọ́n tì í; ta ló tún mọ bí a ṣe ń ṣí nǹkan tó òun? Ó dìde.

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Géètì wà níbẹ̀."

Ó gorí ìtàgé. Géètì ti wà lẹ́yìn ilé nínú òjò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jù síta. Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo àkàbà. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, a fẹ́ lo nǹkan yìí." Alága sọ̀ kalẹ̀ tòun tẹyẹlé. Káfíńtà dá àkàbà náà dúró ní ìbú, ó fi dí ojú ìtàgé, ó di géètì. Alákọ́kọ́rọ́ fi àgádágodo kọ́ ọ, ó yíjú sí èrò.

"Èmi ni mo tún un ṣe," ó ní. "Mo tún un ṣe dáadáa. Ohun tí mi ò mọ̀ títí dòní ni ẹni tó tì í."

Ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni."

Gáàdì ọ́fíìsì ni, àgbàlagbà, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí rí, lẹ́yìn géètì.

"Kọ́kọ́rọ́ ò sọnù rí. Mo ti ní kí n ṣí i. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé òkè. Mo ní, 'Ọ̀gá, èèyàn mà ni wọ́n o, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn.' Ọ̀gá ní, 'Tì í pa, kó o gbé kọ́kọ́rọ́ wá! Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ táìsì tuntun sílẹ̀ níbí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́?'" Ó wo Alákọ́kọ́rọ́. "Àbúrò rẹ pè mí ní Bàbá. Mo gbọ́ ọ. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ gòkè."

"Kò rí bẹ́ẹ̀!" ni Alága ké.

Gbogbo ojú yí padà sí i. Òfin ni òfin. Mínísítà ní, "Ó dára. Ẹ fi bó ṣe rí hàn wá, Alága."

Bí ọkùnrin yìí bá jókòó, bóyá à bá máa pè é ní Alága títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wò ó, kò sì tíì sí ìgbà kan láyé rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wò ó tí kò sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí Gáàdì, ẹyẹlé ń fò tẹ̀lé ìka náà.

"Òpùrọ́ ni! Mi ò mẹ́nu ba táìsì lọ́jọ́ yẹn! Ta ló ń tẹ́ táìsì sí ọ́fíìsì ńlá? Kápẹ́ẹ̀tì ni mo wí! Kápẹ́ẹ̀tì pupa, tí wọ́n kó ti òkè òkun bọ̀, tí èmi fúnra mi yan àwọ̀ rẹ̀..."

Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo là ń gbọ́: bírò Akọ̀wé. Ó ti di bárakú fún un láti máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Alága sílẹ̀, ó sì ti kọ èyí náà, tòun ti déètì.

Mínísítà ká ìwé ètò sí méjì, ó jáde, kò bọ Alága lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́tà ìyọnípò dé. Lọ́jọ́ Túsìdé, ẹni tó ń gbé àga gbé e lọ sí yàrá Akọ̀wé, ó ní ẹsẹ̀ àga náà ti ń fẹ́ yà síbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń gbé tìmùtìmù sọ fún àwọn oníròyìn pé láti ọjọ́ tí òun ti ń gbé e, inú òun kò dùn sí i. Àwọn ọlọ́pàá wá béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tún padà wá, kò sí pẹ̀lẹ́ nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì. Gáàdì ti jẹ́rìí, kò sì fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́. Ẹjọ́ náà ṣì ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ìgbín náà kò tíì padà sẹ́yìn. Gbọ̀ngàn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tì í. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa ti nǹkan kò sí lórí oyè mọ́.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Sátidé kan, Káfíńtà ń kan géètì tuntun mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àga níwájú rẹ̀, kò sí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá a mọ̀.

"Wọ́n ní... wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè wá," ó ní.

"Kó lọ ṣeré nílé ẹjọ́!" ni Káfíńtà wí, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé," ni ìyá arúgbó wí. "Mo ní èpè kan tí mi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni."

Alákọ́kọ́rọ́ ni Olùkọ́ ń wò, gbogbo wọn náà sì yíjú sí i. Bó bá ní kí ọkùnrin náà máa lọ, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Alákọ́kọ́rọ́ wo ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn géètì, ibi tó ṣófo.

"Kò lè ṣe ara rẹ̀," ó ní. "Òfin ni. Èmi ni màá ṣe é."

Ó lọ dúró sẹ́yìn géètì. Ó yọ àgádágodo nínú báàgì, ó fi kọ́ ọ, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin, ẹ wá síwájú níbí. Àbúrò mi lẹ máa ṣe."

Ọkùnrin náà wá. Ó wo géètì, ó gbé ìka kan sókè, ó fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kó-kó, bí ọ̀gá tó fẹ́ wọ ọ́fíìsì ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Alákọ́kọ́rọ́ mi orí.

"Ẹ tún un kàn, Bàbá," ó ní. "Ẹ má kàn án bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á ṣí i."